Bí Ìjọba Bá Yí Padà, Ta Ni Ó Yẹ Kí Á Dúró Tì?

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Sabon Gari, ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi ara wa ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìdìbò: ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ti ṣe wá lóore, bí ó bá fìdí rẹmi, ṣé ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni kí á lọ kí ẹni tí ó borí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ojú ti rí ní Kánò. Ní 2003, Ibrahim Shekarau ti ANPP gba ipò gómìnà lọ́wọ́ Rabiu Musa Kwankwaso ti PDP. ANPP lo ọdún 8 gbáko, ó sì dà bí ẹni pé wọn kò ní kúrò mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2011, Salihu Sagir Takai tí ANPP fà kalẹ̀ kò wọlé; Kwankwaso ni ìlú dìbò fún. Ẹni tí wọ́n kọ̀ lánàá ni wọ́n tún pè padà. Ní 2023, NNPP tún gba ìjọba lọ́wọ́ APC.

Nítorí náà, olórí tí ó bá so gbogbo wa mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ti fi wá ṣe ìwọ̀fà. Ìbò ẹnìkọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ ni. Bàbá àti ọmọ lè dì í lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Títì tí ìjọba bá sì dà, owó ìlú ni; owó orí tí à ń san nínú ṣọ́ọ̀bù wa wà nínú rẹ̀. Ọpẹ́ yẹ wọ́n, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ẹrú ọpẹ́.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣé kí á wá gbàgbé olóore ni?” Rárá o. Ọ̀dàlẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó ń jẹun nílé gómìnà lánàá, tí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Kí á kí ẹni tí ó wọlé, nítorí òun ni ìlú yàn. Kí á sì tún kan ilẹ̀kùn ẹni tí ó jáde, nígbà tí èrò bá ti tán lẹ́yìn rẹ̀.

Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú ni omi, ìlú tí a jọ ń gbé ni agbè. Agbè ni kí á dì mú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ Kánò tòrò, kí ọmọ wa rí ibẹ̀ gbé. Àṣẹ.