Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Ká Sọ Pé Ìwé Ọmọ Wa Kù Díẹ̀ Káàtó?

Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́ nígbàkígbà tí ọmọ Yorùbá bá gbé ìwé ìtàn àròsọ tuntun jáde, tí a sì ní ibì kan ò dára tó nínú rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn òyìnbó ń yìn ín, àwa ń bù ú. Bó bá dà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé nìkan kọ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ìwà ni. Kí ni àwa òǹkàwé jẹ òǹkọ̀wé ní gbèsè? Kí la sì jẹ ẹni tó fẹ́ fowó ẹ̀ ra ìwé náà?

Ẹ wo My Sister, the Serial Killer tí Oyinkan Braithwaite kọ, tó jáde ní 2018. Nọ́ọ̀sì ni Korede, Èkó ló ń gbé. Àbúrò ẹ̀, Ayoola, ń pa ọkùnrin. Òun ló ń bá a nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń retí kí wọ́n tú àṣírí apànìyàn lójú ìwé tó kẹ́yìn lè ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, torí àtìbẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà ń bi wá ni pé: dé ibo ló yẹ kéèyàn dáàbò bo ọmọ ìyá ẹ̀ dé? Lójú tiwa, ó yege. A kà á tán, a ò sì lè fi gbogbo ẹnu dá Korede lẹ́bi.

Ohun àkọ́kọ́ tí a jẹ òǹkọ̀wé nìyẹn: òṣùwọ̀n tó bá irú ìtàn tó kọ mu ni ká fi wọ̀n ọ́n. A kì í fi kóńgò wọn aṣọ. Ìtàn ìfẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì nílùú òyìnbó ni Bolu Babalola kọ sínú Honey and Spice ní 2022. Ẹni tó bá ní kò níláárí torí pé òun ti mọ̀ pé àwọn méjèèjì á fẹ́ra, onítọ̀hún ò mọ ohun tó rà ni. Nínú ìtàn ìfẹ́, a mọ ibi tí à ń lọ. Ìrìn àjò ọ̀hún la bá wá. Àríyànjiyàn àwọn ọmọ yẹn sì dùn létí.

Rosewater ti Tade Thompson, tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, gbé wa lọ sí Nàìjíríà ọdún 2066, níbi tí ìlú kan ti yọ yí nǹkan àjèjì tó wá láti ojú ọ̀run ká. Ìlú yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Ṣùgbọ́n bí ìtàn náà ṣe ń fò síwájú, fò sẹ́yìn láti ọdún kan sí òmíràn sú wa láwọn ibì kan. Méjèèjì lòótọ́, ó sì yẹ ká lè sọ méjèèjì.

Àwọn kan á ní ìtàn iwin àti ìtàn ọ̀daràn kì í ṣe lítíréṣọ̀ gidi. Ẹ dákun, kí ni Fágúnwà kọ sínú Ògbójú Ọdẹ ní 1938? Kí ni Lápàdé ń lé kiri nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969?

Ìwé tó ṣòroó sọ̀rọ̀ lé lórí jù ni Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, tó jáde ní 2018. Ìtàn náà ń sáré, ọ̀dọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò ní fẹ́ gbé e sílẹ̀. Àmọ́ "Orïsha" ni orúkọ ilẹ̀ inú ìtàn náà, pẹ̀lú àmì tí kò sí nínú àkọtọ́ wa. Inú ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ti máa kọ́kọ́ pàdé òrìṣà. Bí àwa tí a gbọ́ èdè ò bá sọ̀rọ̀, ta ni kó sọ ọ́?

Nídìí iṣẹ́ sọ́fítíwià tí à ń ṣe, ẹlòmíràn máa ń yẹ kóòdù wa wò kó tó jáde. Ẹni tó kàn kọ "ó dára" láìka ìlà kan kò ṣe wá lóore. Ẹni tó máa lo áàpù ọ̀hún ló kó sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń yin ìwé tí kò kà. Korede lòun náà, ó ń nu ilẹ̀ kí àlejò má bàa rí i.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè ba ọjà òǹkọ̀wé tuntun jẹ́. Torí náà, bí a ò bá kà á tán, ká sọ ibi tí a kà á dé. Bí ibì kan ò bá dára, ká sọ ìdí ẹ̀. Ìwé là ń sọ, ká má bú ẹni tó kọ ọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí a bá ń yin ọmọ wa náà, ó yẹ ká máa ríran.

Ẹ jẹ́ ká so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọmọ wa nídìí o. Ṣùgbọ́n bí okùn ẹ̀ bá fẹ́ já, ká tètè sọ fún un, kó tó já lójú agbo.