Ọpẹ́ Tó Ń Gún Ẹlòmíràn Lọ́kàn

Àwa ọmọ Ìkálẹ̀ mọ ọpẹ́ẹ́ dá. Bí ìkórè bá ti ń sún mọ́, láti Òkìtìpupa dé Igbótako, láti Ìlútìtun dé Òde-Ìrèlè, odidi ilé ni yóò máa ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa, kókò àti pupuru lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn a ta á ní gbàǹjo, ẹni tó sì ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìlọ́po iye tó ń jẹ́ lọ́jà a fi ayọ̀ gbé e relé. Mo fẹ́ràn àṣà yìí dọ́ba. Ó ń kọ́ ọmọdé pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni, ẹbùn ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń tẹ̀lé ọpẹ́ náà ló ń kọ mí lóminú. "Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti kú, èmi ṣì wà láàyè." "Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá ọmọ kiri, Olúwa fún mi ní ìbejì." Ìjọ a hó yèè. Bẹ́ẹ̀, opó tí kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ wà níjòókòó. Obìnrin tó ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ náà wà níbẹ̀, ó ń bá wọn pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà tó ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á kò sọ pé kí oníka mẹ́wàá má dúpẹ́ ìka rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà dúpẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wà lára ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, ṣọ́ọ̀ṣì kò sì yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú òfin náà.

Jésù fúnra rẹ̀ sọ ìtàn kan tó yẹ kó bà wá lẹ́rù, nínú Lúùkù orí kejìdínlógún. Farisí kan gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì. Ọpẹ́ ni àdúrà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò tọrọ ohunkóhun. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń san ìdámẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí ni pé òun kò rí bí àwọn yòókù, pàápàá agbowó òde tó dúró lókèèrè, tó ń lu àyà rẹ̀. Agbowó òde yẹn ni Jésù ní ó relé ní ìdáláre. Mo ti ka ìtàn yìí títí, ibi kan náà ni mo máa ń dé: ènìyàn lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ó sì fi ọpẹ́ náà ṣẹ̀ ẹ́.

Ìyẹn ló mú mi rántí Òde-Ìrèlè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀. Orí a fọ́ wọn, ojú wọn a ṣókùnkùn, wọn a dákú, ikú a dé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka òkú 18. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan ló rú òfin ojúbọ Málòkun, pé òrìṣà ló ń jà. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ jáde láti ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, methanol ni wọ́n bá níbẹ̀, èyí tó bá ògógóró wọlé sí wọn lára. Methanol jọ ọtí lójú àti nímú, ṣùgbọ́n bó bá dénú, ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́, tó sì ń gbẹ̀mí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó. Kò mọ ọ̀mùtí yàtọ̀ sí ẹni tó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan níbi ìnáwó. Ìlú tiwa sì nìyí, níbi tí ògógóró ti rán ọmọ púpọ̀ níléèwé.

Níwájú irú ikú bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ Farisí rọrùn fún onígbàgbọ́: "Mo dúpẹ́ pé n kì í mutí." Lójú ìyá tó ń sunkún ọmọ, kí ló fi sàn ju ẹni tó ní Málòkun ló pa á lọ? Àwọn méjèèjì ti dá òkú lẹ́jọ́, kò sì sí èyí tó gbé oúnjẹ wá.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ tó yàtọ̀ sí ti Farisí yẹn, Bánábà inú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni mo fẹ́ kí a wò. Nígbà tí gbogbo ọmọ-ẹ̀yìn ń bẹ̀rù Sọ́ọ̀lù, ẹni tí a wá mọ̀ sí Pọ́ọ̀lù, ní Jerúsálẹ́mù, òun ló mú un lọ́wọ́ tó sì jẹ́rìí gbè é. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀ láti tún mú Máàkù rìn nítorí pé ó ti padà lẹ́yìn wọn rí, Bánábà ló mú ọmọ náà dání lọ sí Kípírù. Nígbẹ̀yìn, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n mú Máàkù wá, ó wúlò fún òun. Ìwé Ìṣe kò kọ ìwàásù gígùn kan sílẹ̀ fún Bánábà. Ó ta ilẹ̀ rẹ̀, ó gbé owó rẹ̀ sílẹ̀, ó ń di àwọn tí wọ́n ti pa tì lọ́wọ́ mú. Bí ẹ bá fi òṣùwọ̀n àwọn baba wa wọ̀n ọ́n, ọmọlúàbí ni.

Ìkórè tún ń bọ̀. Ẹ̀yin bàbá ìjọ, ẹ yọ nínú owó gbàǹjo ọdún yìí, kí ẹ gbé e lọ fún opó àti ọmọ òrukàn àdúgbò, ì báà ṣe ọmọ ìjọ tàbí ẹni tí ń bọ Málòkun. Ẹ̀yin tí ẹ ó jẹ́rìí, ẹ ròyìn oore Ọlọ́run lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi ìyà ẹlòmíràn sílẹ̀ nínú ẹ̀rí yín. Bí ẹ bá jó tán, ẹ wá ẹni tí kò lè jó lọ, ẹ béèrè ohun tó ṣe é, kí ẹ sì bá a délé.