Ǹjẹ́ Àwòrán Lè Ṣọ́ Ilẹ̀?

Ìbéèrè yìí tọ́ sí àgbéyẹ̀wò ní Ṣàngó Toll Gate, ní Ọ̀tà, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ìjọba àpapọ̀ pa gbígba owó lójú títì rẹ́ ní 2004, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní agbègbè náà, ògiri ọgbà wọn sì gùn. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni a máa ń kọ ‘Má ṣe da ilẹ̀ síbí’ sí káàkiri ìlú wa. Lábẹ́ àkọlé náà gan-an ni pàǹtí sì máa ń ga sí. Èyí ni àwọn kan rí tí wọ́n fi ní kí a ya igi, ẹja àti ọmọ tí ń wúkọ́ síbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀.

Òṣogbo ni ẹ̀rí wà. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1950, èèwọ̀ igbó Ọ̀ṣun ti ń dẹ̀: wọ́n ń gé igi, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pa ẹja inú odò. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, kó àwọn oníṣẹ́ ọnà mọ́ra. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí tí ó wà lára wọn. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ère àti ògiri ọlọ́nà sínú igbó náà. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Hẹ́kítà 75 ni, láàrin ìlú tí ilé ti gbilẹ̀ yí i ká.

Kí ni ère ṣe tí àkọlé kò lè ṣe? Kò dá èèwọ̀ sílẹ̀. Èèwọ̀ ti wà. Ojú ni ó fún un, ojú sì lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó gbé àáké wá yóò kọ́kọ́ bá ẹni tí ń wò ó pàdé.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a pọ́n ọnà ju bí ó ti mọ lọ. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Góòlù tí wọ́n ń wà ní òkè odò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Igi dúró, omi bàjẹ́. Ojú ère kò tó ibi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀.

Nítorí náà, ta ni ó ni ògiri Ṣàngó? Bí àwọn ará àdúgbò bá ya àwòrán sí i fúnra wọn, ojú yóò ti ẹni tí ń da pàǹtí, nítorí aládùúgbò ni ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ kan bá háyà ayàwòrán láti ya igi tútù sára ọgbà, tí èéfín dúdú ń rú lẹ́yìn ọgbà náà, àwòrán di ìbòjú. A kò ní kí ayàwòrán pebi mọ́nú. Ó kàn jẹ́ pé ohun tí àwòrán rẹ̀ dákẹ́ lé lórí wà lọ́rùn òun náà. Bí ó bá ya èéfín mọ́ igi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má san owó iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ti fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.