Bí Ọmọbìnrin Wa Bá Fẹ́ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Eré Orí Ìtàgé

  



Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn àsàlátù, bàbá kan dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí níhìn-ín ní Abigi. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin wọn, tí ó parí Àl-Kùránì lọ́dọ̀ wa, ti rí ààyè wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Inú bàbá ì bá dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ni ọmọ náà fẹ́ lọ kọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin Àáfà, ẹ là mí lọ́yẹ. Ṣé kí n san owó yìí, àbí kí n má san án?"

A kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. A ní kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí ni pé irú ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa rí, a sì ti ṣì í dáhùn.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kéwú ni ìyá kan béèrè ohun kan náà. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán ni a ti wí pé ọmọ Mùsùlùmí kì í lọ kọ́ ijó ní yunifásítì. A kò pe ọmọ náà kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. A kò béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìyá gbà, ààyè náà sì lọ. Ọmọ náà kò wá sí ilé kéwú mọ́. Ó gba Èkó lọ, ó darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń ṣe fíìmù, láìní ìwé ẹ̀rí, láìní alámọ̀ràn. Nígbà tí a ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, a kí i ní sálámà. Ó wo ojú wa, ó sì kọjá lọ. Ẹ̀yin ará wa, a rò pé ẹ̀sìn rẹ̀ ni a ń dáàbò bò. A kò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ẹ̀sìn gan-an ni a tì mọ́ ọn sẹ́yìn.

A kò sọ pé ìbẹ̀rù àwọn òbí kò nídìí. Àwọn alárìnjó àtijọ́, inú egúngún ni eré wọn ti jáde. Ní ìgbà tiwa tí a mọ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú níhìn-ín ni Hubert Ògúndé ti wá, ọmọ Òṣósà tí a bí ní 1916. Eré ìjọ Aládùúrà ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1944. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe eré Tiger's Empire ní 1946, ó polówó pé òun ń wá àwọn obìnrin tí òun yóò máa sanwó fún. Ìyẹn jẹ́ ohun tuntun, nítorí ojú aṣẹ́wó ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń wo obìnrin tí ó bá gun orí ìtàgé. Kí àwọn obìnrin má baà máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di ẹni tí ń fi àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe aya. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn èyí yọ: bí obìnrin kò bá ní ẹ̀kọ́ àti ìwé tirẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, abẹ́ ọkùnrin tí ó ni ẹgbẹ́ ni yóò wà.

Yunifásítì ló yí èyí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ilé-ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Zulu Sofola ti kọ́ni, níbẹ̀ ni ó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó kọ eré Wedlock of the Gods, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì ṣe olórí ẹ̀ka eré ní Yunifásítì Ìlọrin kí ó tó kú ní 1995. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé obìnrin lè jẹun nídìí eré nípa kíkọ ọ́, dídarí rẹ̀ àti kíkọ́ni.

Nísinsìnyí, kí ni ẹ̀sìn wí? Àwọn obìnrin Mẹ̀dínà tọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run lọ pé kí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti kọ́ àwọn, ó sì yà á sọ́tọ̀. Nínú Suuratun-Nisaa'i, aaya 32, Ọlọ́run fi yé wa pé ohun tí obìnrin bá fi iṣẹ́ rẹ̀ kó jọ, tirẹ̀ ni. Ní ti eré, Bukhari gbà á wá pé àwọn ará Habaṣa ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sáláṣí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run fi aṣọ rẹ̀ bo Aisha, ó sì jẹ́ kí ó máa wò wọ́n títí ó fi sú Aisha fúnra rẹ̀. A tún gbọ́ pé Umar bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ láti fi sọ wọ́n, Òjíṣẹ́ sì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Èyí kò sọ gbogbo eré di hàláàlì. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé kí á wo ohun tí ènìyàn ń ṣe kí á tó ju òkúta. Ní ti ìyá ọjọ́sí, àwa ti ju òkúta kí a tó wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ gbọ́ òdiwọ̀n tí a fi lélẹ̀. Ẹ má ṣe eré tí yóò mú kí ọkùnrin tí kì í ṣe muharram yín fọwọ́ kàn yín. Ẹ má bọ́ ìbòrí sílẹ̀ nítorí máàkì. Ẹ má kúnlẹ̀ fún òrìṣà, ì báà ṣe àwàdà. Ẹ má jẹ́ kí ìgbáradì gba àkókò ìrun lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ bá olùkọ́ yín kí ẹ sọ èyí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ṣíṣe eré wà lára ohun tí wọ́n ń fún ni ní máàkì lé lórí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ pàdánù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fara da ìyẹn, kí ó yáa mú ẹ̀kọ́ mìíràn.

Iṣẹ́ tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn òdiwọ̀n wọ̀nyí kò kéré. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi eré kọ́ni lè kọ eré fún rédíò, ó lè kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, ó lè gbé eré nípa omi mímu àti àrùn onígbáméjì lọ sí Ìwòpin àti Mákùn-Omi, kí ìyá tí kò kàwé gbọ́ ọ lédè Ìjẹ̀bú.

Ẹ̀yin arákùnrin, ọ̀rọ̀ yín náà kù. Nínú Suuratun-Nuuri, ẹ̀yin ni Ọlọ́run kọ́kọ́ pàṣẹ fún, ní aaya 30, pé kí ẹ rẹ ojú yín sílẹ̀, kí Ó tó wá kan àwọn obìnrin. Ẹni tí ó fi òru wo fíìmù tí kò tọ́, tí ilẹ̀ mọ́ tí ó ń bú òṣèré inú rẹ̀, ta ni ó ń tàn jẹ? Owó rẹ ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, a ní kí bàbá mú ọmọ wọn wá. A bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin Àáfà, ẹ má bínú. Eré tí à ń ṣe níbi Móólúdì, àwọn ọmọ máa ń sùn lọ ni. Mo fẹ́ mọ bí a ti ń kọ ọ́ tí wọn kò fi ní sùn." Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, nítorí àwa ni a máa ń kọ eré náà.

Bàbá san owó náà. Àwa gbà láti fi í lé àwọn ẹgbẹ́ MSSN lọ́wọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, kí a sì máa béèrè rẹ̀ lóṣooṣù. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ òsì nìkan ni a lò.

Kí Allah dárí àṣìṣe wa jì wá, kí Ó dá èyí tí ó ti lọ padà sílé, kí Ó sì ṣọ́ èyí tí ó ń lọ. Àmín.