Ta Ni Yóò Kí Àgbà Tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀?

Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni gbogbo wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, fi ń ronú nípa ọjọ́ ogbó: ẹni tó bímọ, ọmọ ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí òkété tí kò lọ́mọ, tàbí èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ àjèjì ni irú àgbà bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí.

Ní ilẹ̀ Faransé, ọwọ́ àjèjì yìí lè jẹ́ ọwọ́ ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ ló ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú ní àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n ń pè ní Ehpad níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá: báwo ló ṣe yẹ kí a gba àgbà tó jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, tàbí obìnrin tó bá obìnrin gbé, tàbí ẹni tí a bí ní akọ tó ń gbé ayé rẹ̀ bí abo, nígbà tí ara rẹ̀ kò bá gbé e mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo obìnrin kan tí a bí ní Lyon ní ọdún 1945. Ó ti pé ọmọ ọdún 37 kí ilẹ̀ Faransé tó pa apá ìkẹyìn rẹ́ nínú òfin ìjìyà tó ya irú wọn sọ́tọ̀, ní 1982. Ó ti pé 45 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó yọ irú ìfẹ́ yìí kúrò nínú ìwé tó ka àwọn àrùn, ní 1990. Ó ti pé 68 kí òfin tó gbà fún un láti bá obìnrin bíi tirẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, ní 2013. Ẹni tó fi ìdajì ayé rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń fara pamọ́ kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ tó wọ ilé ìtọ́jú. Ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé, ó fi àwòrán obìnrin tó bá gbé fún ọdún 40 sí abẹ́ aṣọ. Akọ̀wé bi í pé: "Kí ni orúkọ ọkọ yín? Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ó dáhùn pé òun kò lọ́kọ, òun kò sì bímọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun nìkan ló ń gbé. Ìbéèrè méjì péré, ọdún 40 ti pòórá.

Àwọn alákòóso irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa sọ pé bákan náà ni àwọn ń ṣe sí gbogbo ènìyàn, pé àwọn kì í béèrè ohun tí kò kan àwọn. A kò rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Àmọ́ wọ́n ti béèrè: ọkọ ni wọ́n béèrè.

Kí a wá sọ pé obìnrin inú àwòrán náà ti kú ní ọdún tó kọjá. Nínú àṣà wa, kò sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tí a kì í kí. Aládùúgbò tí a bá jà lánàá, bí òkú bá sùn ní ilé rẹ̀, a ó lọ, a ó sọ pé "Ẹ kú ìrọ́jú." Ẹni tí a kọ̀ láti kí, ọ̀tá ni a fi í ṣe. Obìnrin wa yìí jókòó láàárín àwọn tó ń kí i káàárọ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Lójú tiwa, ibí gan-an ni ọ̀ràn ìwà tó wà níbẹ̀ wà, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe nínú yàrá rẹ̀ nígbà èwe.

Olùtọ́jú tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ lè ní ẹ̀sìn òun kò fàyè gba irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. A kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Tógò pàápàá ń fìyà jẹ irú ìbálòpọ̀ náà. Kò sí ẹni tó ní kí ó yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Àwọn kan yóò ní ó tó bí ó bá wẹ arúgbó náà mọ́, tó fún un ní oògùn lásìkò, tó sì pa ẹnu mọ́. Àwa kò gbà pé ó tó. Arúgbó mọ ọwọ́ tó ń wẹ̀ ẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, ó sì mọ ọwọ́ tó ń yára kí ó lè kúrò lára rẹ̀.

Àwọn kan ní Yúróòpù ti kọ́ ilé ọ̀tọ̀ fún irú àwọn àgbà yìí. Lebensort Vielfalt ṣí ní Berlin ní 2012, ó sì ní ibùgbé fún àwọn tí iyè wọn ti ń ra. Maison de la Diversité ṣí ní Lyon ní 2024. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n mélòó ni ilé bẹ́ẹ̀ lè gbà? Èyí tí àwọn ará Netherlands ń ṣe ló wù wá jù: ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Roze Loper, tí wọ́n ń fún ilé ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ìṣe rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ àgbà, ilé tó wà nítòsí ni wọn yóò ti lo ọjọ́ alẹ́ wọn.

Ohun tó sì ń yí padà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ náni lówó. Akọ̀wé lè béèrè pé, "Ta ló súnmọ́ yín jù lọ láyé yìí?" dípò "Kí ni orúkọ ọkọ yín?" Ọmọ Kétu tó ń palẹ̀ aṣọ mọ́, tó ṣèèṣì rí àwòrán kan ní ìsàlẹ̀ àpótí, lè dá a padà síbẹ̀ kí ó sì pa àpótí dé. Ó sì lè mú un dání, kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ó ní: "Màmá, ta nìyí?"