Ṣé A Lè Fi Ẹ̀mí Kan Ra Òmíràn?



Ní ọdún 1958, oníṣègùn kan, G. L. Money, kọ̀wé nípa àrùn tí ó rí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ aláìsàn a máa ta á bí iná, a sì máa kú tipiri. A máa ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n bí ó bá ń rìn. Ojú a ṣe bàìbàì, etí a sì di. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Oníṣègùn Ọ̀ṣuntókun ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n yẹ ènìyàn wò, wọ́n yẹ oúnjẹ wò, wọ́n sì tọ́ka sí oró inú gbágùúdá tí a ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran àti ẹja tí ó tó.

Àrùn kan ń bẹ tí ó jọ èyí, tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa, ṣùgbọ́n tí ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù: multiple sclerosis ni orúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara a ya ọ̀tẹ̀, wọn a máa bó èèpo ara àwọn iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Iná tí ara fi ń jó oúnjẹ a sì máa ta ẹ̀ta-iná ju èyí tí ara lè pa lọ, títí iṣan yóò fi bàjẹ́ bí irin tí ìpáàrà jẹ.

Àwọn oníṣègùn ń fi sẹ́ẹ̀lì tí ó dà bí irúgbìn fún ara wá ìwòsàn. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà rí i. Èkíní, a gbà á lára aláìsàn fúnra rẹ̀, a fi oògùn líle rọ àwọn ọlọ̀tẹ̀ lulẹ̀, a sì dá irúgbìn náà padà kí ó pèsè ẹ̀ṣọ́ tuntun. Ewu ń bẹ níbẹ̀, kì í sì ṣe fún gbogbo aláìsàn, ṣùgbọ́n a kò pa ẹnikẹ́ni. Èkejì, tí a mọ̀ láti ọdún 1998, ni kí a fọ́ ọlẹ̀ ènìyàn tí kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ kan láti mú irúgbìn inú rẹ̀. Ní ọdún 2008, Ìjọ Mímọ́ kọ́ wa pé èkíní tọ́, bí kò bá ṣe ẹni tí a gbà á lára rẹ̀ ní ìpalára ńlá. Èkejì lòdì sí òfin karùn-ún.

Ẹnìkan lè wí pé: “Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ni ó dùbúlẹ̀ yìí, ọlẹ̀ náà kò tó orí abẹ́rẹ́. Ṣé ìkà kọ́ ni èyí?” Ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ òṣùwọ̀n náà wò. Bí a bá ní ọlẹ̀ kò jámọ́ nǹkan nítorí pé kò lè rìn, kò lè ríran, kò sì lè gbèjà ara rẹ̀, kí ni a ó wí lọ́la nípa ìyá náà, tí òun pẹ̀lú kò lè rìn mọ́? Òṣùwọ̀n tí a fi kọ ọmọ ni a ó fi kọ ìyá. Ẹni tí ó ń dáàbò bo ọlẹ̀, aláìsàn gan-an ni ó ń dáàbò bò.

Síbẹ̀, ẹnu kò tó. Ẹni tí ó bá wí fún aláìsàn pé, “Má gba ọ̀nà yẹn,” ó di dandan kí ó bá a rin ọ̀nà tí ó kù. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, àwọn kan ń bẹ nínú ilé tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn wá sí Mísà lónìí. Ta ni ó pọn omi fún wọn? Ta ni ó sọ fún Fadá kí ó gbé Ara Krístì lọ bá wọn? Kí á tó jẹun ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí á lọ kàn wọ́n lára.