Iyọ̀ Afùwàpẹ́ ní Salvador

Ọmọbìnrin àdúgbò wa kan rí ààyè pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: oṣù mẹ́fà ní Salvador, ní Bàhíà, ilẹ̀ Bùràsílì. Kó tó lọ, ó wá kí mi. Ó ní, "Bàbá, báwo ni mo ṣe máa mọ ìlú náà kí oṣù mẹ́fà tó pé?" Ó ti wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ìtàn kan nínú odù Ifá Ogbègúndá ni mo sọ fún un.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé, wọ́n fẹ́ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá tó ń mọ orí. Àwọn méjì kánjú. Wọn ò bá Àjàlá nílé, wọ́n bá mú orí tó dán lójú wọn. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ọ̀hún jẹ dànù. Afùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀ ná. Àwọn awo ní kó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, kó sì mú nínú rẹ̀ dání. Lọ́nà, ó bá oníbodè nídìí ọbẹ̀, eérú ni bàbá náà ń dà sí i. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ sí i. Oníbodè tọ́ ọ wò, ó dìde, ó mú un lọ bá Àjàlá, ó sì tú àṣírí fún un: Àjàlá jẹ gbèsè, orí àjà ló sá pamọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ awo, ẹbọ ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ níbí, wọn ò sì ṣìnà. Ní tèmi, ojú Afùwàpẹ́ ni mo ń wò. Iyọ̀ wà lápò rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ká ní kò yọjú wo inú ìkòkò, ibo ni ì bá ti mọ̀ pé eérú ló wà níbẹ̀? Oníbodè ò tọrọ iyọ̀ kó tó tọ́ ọ wò o.

Wàhálà ọmọ Yorùbá ní Salvador ni pé ìlú náà jọ ilé jù. Àkàrà wà létí títì, acarajé ni wọ́n ń pè é, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Ṣàngó wà, Ọ̀ṣun wà. Yemọja ní ọjọ́ tirẹ̀, 2 oṣù Èrèlé, létí òkun Rio Vermelho. Láti 1959 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Éṣíà sílẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ èdè Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tó bá rí gbogbo èyí lọ́sẹ̀ kan á ní òun ti mọ̀ ọ́n tán. Orí tó dán nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ náà dé ọ̀hún, àkàrà ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Alákàrà bi í bóyá gbígbóná ló fẹ́ tàbí tútù. Ó rò pé ti iná ni, ó ní gbígbóná, ni wọ́n bá bu ata sí i. (Ata ò lè ṣe ọmọ Ìbàdàn ní nǹkan.) Àmọ́ wọ́n tún là á láàárín, wọ́n ki ọbẹ̀ kíki tí wọ́n ń pè ní vatapá, ilá àti edé bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó rí i tí funfun pọ̀ lára èèyàn; wọ́n ní nítorí Oxalá ni, Òòṣàálá wa. Ta ló fi ọjọ́ Ẹtì fún Òòṣàálá nílé? Láti 1873 ni ẹ̀rọ Lacerda ti ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè. Ọmọ náà ní òun gùn ún títí ó fi sú òun, òun ò sì tíì mọ ẹnì kan ṣoṣo lókè tàbí nísàlẹ̀.

Nínú oṣù kejì, ó kọjá lọ́dọ̀ alákàrà yẹn, ó rí i pé obìnrin náà nìkan ló ń rẹ́ ilá, oníbàárà ti ń dúró. Kò sọ pé Yorùbá lòun, kò sọ ibi tí àkàrà ti wá. Ó gba ọ̀bẹ. Ó mọ ilá rẹ́ dáadáa, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà fún un ní aṣọ funfun, ó ní kí àwọn jọ lọ sí Bonfim. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni Bonfim o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí Òòṣàálá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Bàbá, mo ti rí oníbodè."

Mo ní kó ṣọ́ owó ná, nítorí gbèsè Àjàlá ṣì ń bẹ níwájú.